Ìbéèrè Ìyá Nọ́ọ̀sì ní Àpòmù

Títí dòní, bí mo bá rí abẹ́rẹ́, ohùn obìnrin kan a máa dún sí mi létí. Ìyá Nọ́ọ̀sì là ń pè wọ́n ní dìsípẹ́ńsárì Àpòmù, ilé ìtọ́jú kékeré tí ìjọba kọ́ fún wa, kí òmìnira tó dé. Wọn kì í gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì láì kọ́kọ́ bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ṣé ó ti bá ara rẹ jà rí?"

Bí o bá ń fi ìdáhùn falẹ̀, wọ́n á ní, "Àdá bù ọ́ lẹ́sẹ̀, kò bù ọ́ lẹ́nu. Dá mi lóhùn!"

Lọ́jọ́ tí àdá bù mí lẹ́sẹ̀ lóko, tí wọ́n bi mí, mo ní rárá. Irọ́ ni. Ọkùnrin kan tó ń gún abẹ́rẹ́ kiri ti gún mi ní irú rẹ̀ rí ní Gbọ̀ngán, gbogbo ara mi sì lé, ó ń yún mi. Inú ìyá mi dùn, wọ́n ní àrùn ló ń jáde. Mo sì bẹ̀rù pé bí mo bá jẹ́wọ́, oògùn oníhóró ni Ìyá Nọ́ọ̀sì máa fún mi, èyí tí àwa ará oko ò kà sí ìtọ́jú.

Wọ́n gún mi, wọ́n ní kí n jókòó síwájú wọn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gún tètè lọ. Kò pẹ́ tí ètè mi wú, tí ọ̀fun mi dí, tí n kò lè mí mọ́. Abẹ́rẹ́ mìíràn ni wọ́n sáré fi gbà mí là.

Nígbà tí mo lajú, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ọwọ́ mi yìí lo fẹ́ fi pa ara rẹ."