Alùpùpù Bàbá Mi Tó Ń Kú Láàárọ̀

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkùukùu bo orí àwọn ọ̀pẹ tó yí abúlé wa ká lẹ́yìn Ìkọ̀yà, ìdí wọn nìkan là ń rí, bí ẹni pé ẹnìkan ti bẹ́ wọn lórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ètè mi là, ẹsẹ̀ mi funfun bíi ti ẹni tó rìn kọjá nínú ẹfun. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, n kò sì ní ẹ̀wù òtútù kan ju ògbólógbòó ìró ìyá mi tí mo ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lóko, ẹ ó rántí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, tí èèyàn á na ọwọ́ sí iná títí irun ọwọ́ rẹ̀ á fi máa rùn, síbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Iṣẹ́ pọ̀ fún ọmọbìnrin láyé ìgbà náà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọnmi, mo ń yí púpurù, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín yan gbẹ, tó wà lókè ààrò kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan má baà jóná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi gan-an nígbà ọyẹ́ ni yíyọ́ epo. Ìyá mi ń fọ epo pupa, ó sì ń rọ ọ́ sínú garawa. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, epo á dì, á le bí òrí. Ẹ lè yí garawa dorí kodò, ẹ̀kán kan kò ní bọ́. Èmi ni mo ń kó ẹ̀yinná yí garawa ká, tí mo ń fi igi rò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ́. Mo mọ ìwà epo bí mo ti mọ ìwà àbúrò mi: bí òtútù bá mú un, á di olóríkunkun, bí oòrùn bá kàn án lára, á gbàgbé gbogbo ìjà.

Ìyá mi ní òfin kan. Á ní, "Omi kì í dé ilé epo." Ohun tí wọ́n bá ti rọ epo sí rí, wọn kì í fi omi fọ̀ ọ́, wọn kì í fi ọṣẹ kàn án, nítorí omi ló ń ba epo jẹ́, òun ló sì ń mú kó máa ta sí èèyàn lójú nínú ìkòkò. Wọ́n á dà á dorí kodò sínú oòrùn ni, títí ẹ̀kán ìkẹyìn yóò fi bọ́. Lọ́jọ́ kan mo fi omi ṣan garawa, mo rò pé ìmọ́tótó ni mo ń ṣe. Orí eékún ni mo wà, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí wọ́n fi ro púpurù, tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán lójú mi. N kò dán an wò mọ́.

Kí bàbá mi tó ra alùpùpù, orí èmi àti ìyá mi ni epo ń gbà dé ọjà Òkìtìpupa. Òun á ru garawa ńlá, èmi á ru kékeré. Bí a bá fi máa débẹ̀, ọrùn mi á ti wọ inú èjìká lọ. Àárín orí mi pá, níbi tí òṣùká ń jókòó sí, àwọn ọmọkùnrin abúlé sì ń pe èmi ọmọbìnrin ní Bàbá Apárí. Ọdún tí bàbá mi ra alùpùpù, àlòkù aláwọ̀ ewé kan báyìí, ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà níbẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Mo máa ń fi aṣọ nù ún kí n tó bọ́jú ara mi.

Ọ̀nà wa ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó ń kó igi gẹdú ló ń lọ ọ̀nà náà kúnná bí èlùbọ́. Láti ìdí abúlé títí dé ojú ọ̀nà ńlá, erùpẹ̀ pupa lẹ́búlẹ́bú ni, ó ń mu èèyàn dé kókósẹ̀, níbòmíràn dé agbedeméjì ojúgun. Àwa ọmọdé ń gbádùn rẹ̀. A ń ri ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a ń sáré nínú rẹ̀ kó lè rú bí èéfín, a ó sì gba ẹgba wa nígbà tí a bá délé pẹ̀lú ìpéǹpéjú pupa. Alùpùpù ló kórìíra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ líle, á máa lọ jẹ́jẹ́. Bó bá wọ inú erùpẹ̀ yẹn, tí bàbá mi sì fún un níná pé kó ṣe akin, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì kú.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ tí a bá fẹ́ lọ sọ́jà. Bàbá mi ní eruku ló wọ̀ ọ́ nímú. Ó tú asẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń mí, ó gbọ̀n ọ́n, ó fọ̀ ọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún un, ó fi ọ̀bẹ họ ẹnu rẹ̀. Ó dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kó má baà rì. Ẹ̀rọ ṣì ń kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Òkìtìpupa, oòrùn á sì ti wà ní àtàrí kó tó débẹ̀. Mẹkáníìkì á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn. Á gùn ún yí ṣọ́ọ̀bù po. Á sọ fún bàbá mi pé ara ẹ̀rọ yá, ẹni tó ń gùn ún ló ń bẹ̀rù eruku.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo ń wí yìí, a di garawa epo méjì sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń sáré tẹ̀lé e láti bá bàbá mi tì í. A kò rìn jìnnà tó fi kú sáàárín erùpẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó nínú òtútù. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Bàbá Onígẹdú ti bá wa. Bàbá Onígẹdú ni à ń pe ẹni tó ni àwọn ọkọ̀ igi náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju àáké àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yọ orí jáde.

"Bàbá Dúpẹ́," ó ní, "ẹ tún gbé àbíkú yín jáde? A kú láàárọ̀, a jí lọ́sàn-án!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá mi tà á fún òun, pé àwọn ọmọ òun yóò máa fi lọ sínú igbó ní ọ̀sán tí ara rẹ̀ ń yá. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, bàbá mi kì í gbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá gbé e lọ́la."

Mo fi ọwọ́ kan àárín orí mi. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

A ti ẹ̀rọ padà sílé. Ìyá mi gbé òṣùká àtijọ́ wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó ń wò ó. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn mú, bàbá mi fẹ́ gbé alùpùpù kúrò lójú oòrùn sábẹ́ igi obì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà ké bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Bàbá mi pòṣé, ó pa á, ó sì lọ jókòó.

Ẹ̀gbẹ́ garawa epo méjèèjì ni mo wà, mo ń wò ó bóyá wọ́n ti yọ́. Wọ́n ti yọ́. Mo wo epo, mo wo alùpùpù. Mo bi ara mi pé kí ló tún wà láyé tó ń le láàárọ̀ ọyẹ́, tó ń rọ̀ lọ́sàn-án, yàtọ̀ sí epo tí mo ń yọ́ lójoojúmọ́? Ìgbà náà ni mo rántí gálọ̀nù. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, gálọ̀nù tí bàbá mi fi ń ra pẹtiróòlù là, ìyá mi sì fún bàbá mi ní ọ̀kan nínú àwọn tó fi ń rọ epo pupa. Èmi gan-an ni mo dà á dorí kodò sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. N kò fi omi kàn án. Mo lọ gbé e, mo wo inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń dán.

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọdé ìgbà náà kì í dédé lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ló pa alùpùpù. Mo lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣa èkùrọ́, mo ṣàlàyé fún un. Ó gba gálọ̀nù, ó ki ìka bọ ẹnu rẹ̀, ó fi ìka pa ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ pé omi kì í dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi lábẹ́ igi obì. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ má tà á. Ilé epo mi ló ń pa á."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wo inú gálọ̀nù pẹ́. Èmi ń wo pàṣán tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ó béèrè pé ta ló rí i. Ìyá mi fi ẹnu júwe mi. Bàbá mi dìde, ó mú sípánà jáde nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ìwọ tó mọ ìdí oorun rẹ̀," ó ní, "wá jí i."

A jọ tú kábúrétọ̀, ibi tí pẹtiróòlù ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Nínú ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, epo pupa ti dà bí ìpara síbẹ̀. Bàbá mi wá rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lóru, pẹtiróòlù á gbẹ, epo á ṣẹ́ kù. Ọyẹ́ á mú un, á sì dí ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ tí pẹtiróòlù ń gbà. Ìwọ̀nba tó ń jò kọjá tó fún ilẹ̀ líle. Nínú erùpẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti nílò púpọ̀, kò rí i mu. Mo fi ẹyọ ọwọ̀ kan nínú ìgbálẹ̀ yọ ihò náà. A da táńkì nù, a fi pẹtiróòlù tuntun ṣàn án. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló se omi gbígbóná, tó fi ọṣẹ dúdú àti yanrìn fọ gálọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ le bí ẹni tó ń dẹ́ṣẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n a kò yọ̀. Ìgbà wo ni kì í dáhùn bí oòrùn bá ti kàn án? Òwúrọ̀ ló máa sọ. A gbé e síta pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀, kí ọyẹ́ lù ú bó ṣe fẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìkùukùu tún nípọn ju ti àná lọ. Bàbá Onígẹdú dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì àti okùn tí wọn yóò fi fà á. Bàbá mi kí i dáadáa, ó ní kó jẹ́ kí òun gùn ún kọjá erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí òun fi dágbére. Bàbá Onígẹdú ní kò burú, pé òun yóò bá a gbé òkú rẹ̀. A di garawa epo méjèèjì. Mo gun ẹ̀yìn. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́: kẹ́kẹ́ pa. Ó tún tẹ̀ ẹ́: kò sí nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dáhùn.

A wọ inú erùpẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi tẹ ara síwájú, ó fún un níná, kò tún wúkọ́ mọ́. Ó ké, ìdí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì, erùpẹ̀ ń là sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí omi níwájú ọkọ̀ ojú omi. Mo di ìbàdí bàbá mi mú, mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, ilẹ̀ líle ti wà lábẹ́ wa. Mo ní, "Bàbá, ṣé a ò padà ni?" Bàbá mi ní, "Padà lọ síbo? Ọjà ni à ń lọ." Òkìtìpupa la bá ara wa, a sì débẹ̀ kí àwọn alátùntà tó ń ra epo ìyá mi tó tẹ́ igbá.

Nígbà tí a padà délé, Bàbá Onígẹdú wà nínú àgbàlá wa, ìpéǹpéjú rẹ̀ pupa fún eruku tí a rú sílẹ̀, ó ń jẹ púpurù ìyá mi pẹ̀lú ẹja. Ìyá mi ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un. Ó wò wá, ó gbé òkèlè mì.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ máa gun ẹ̀rọ yín. Ọmọ yìí ni kí ẹ yá mi. Ọkọ̀ mi méjì ló ń wúkọ́."

Bàbá mi ní kò sí ní títà, kò sí ní yíyá.

Lónìí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, wọ́n ti da ọ̀dà sí ibi tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń gun ọ̀kadà. Bó bá wúkọ́, wọ́n á bi fóònù léèrè, fóònù á sì sọ. N kò bá wọn jà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìbá wù mí kí n ní ohun tí mo lè bi léèrè bẹ́ẹ̀. Ohun kan tiẹ̀ dára ju tiwa lọ: ọmọ ọmọ mi á wò mí lójú, á ní, "Màmá, ibi tí ẹ̀ ń sọ kọ́ ló ti bàjẹ́," mi ò sì ní wo pàṣán. Ní tiwa, mo ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n nǹkan tí wọn kò ní ni òwúrọ̀ tí ọmọdé ń jókòó ti garawa, tí kò ní nǹkan mìíràn láti wò ju epo lọ. Ẹkún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Ó ku ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti wọ aṣọ funfun ìjọ wa, ẹsẹ̀ lásán, òtútù ń jó wa látẹ́lẹsẹ̀. Bàbá mi fẹ́ tẹ alùpùpù. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó di orí ẹ̀rọ mú fún mi. Ẹsẹ̀ mi kò tó o. Mo lọ yí odó ìyá mi wá, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo gun ìdí rẹ̀. Ìyá mi ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé èèwọ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ yọ̀, irin gbá mi lójúgun. Mo ká aṣọ funfun mi dé orúnkún, mo fi gbogbo ara mi lé e, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó dáhùn. Adìẹ tú ká nínú àgbàlá.