Láyí kò dá mi lóhùn ní Rumuodara

Adití ìbọn ni ẹni tí ariwo ìbọn ńlá ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Lónìí, mo pe Láyí láti ẹ̀yìn ní Rumuodara, àdúgbò kan ní Port Harcourt. Àwa méjèèjì la jọ yin ìbọn ńlá ní ìlú yìí nígbà ogun abẹ́lé, lọ́dún 1969. Kò dáhùn. Mo bá lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Láyí, ìgbéraga yìí kò tíì tán? Ìpàdé àwa sójà àtijọ́ ńkọ́?"

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Abeg, kí ni mo fẹ́ wá ṣe? Ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, mi ò ní gbọ́ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín."

Ọdún gbọọrọ la fi bú u ní agbéraga lásán, èmi tí mo di dókítà etí lẹ́yìn ogun sì wà níbẹ̀.

Bí bàbá yín bá jagun rí, ẹ dúró níbi tó ti lè rí ẹnu yín, ẹ rọra bi í bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ wá kọ èsì rẹ̀ fún mi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì mú un lọ yẹ etí wò.