Ikú Mẹ́rìnlélógún tí Bàbá Ṣúmékà Kú

Wọ́n ní ìgbà mẹ́rìnlélógún ni Bàbá Ṣúmékà kú kí ó tó wá kú. Bí ẹ bá dé àdúgbò náà lónìí, tí ẹ bi obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, yóò búra fún yín pé òun fi ojú òun méjèèjì rí méje nínú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì ní tòun jẹ́ mọ́kànlá. Ó ní ọ̀kan tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí àga òun, nígbà tí òun gẹ irun náà dé ìdajì, àti pé nígbà tí òkú ọ̀hún jí, ìdajì owó ló san.

Ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù lọ ni ti báńkì. Ọjọ́ Ajé ni, èrò kún inú gbọ̀ngàn, ìlà sì gùn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá ni ẹni kẹfà lórí ìlà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Lójijì, bàbá náà fi ọwọ́ gbá àyà mú, ó ké "yéè" kékeré kan, ó bojú wẹ̀yìn kí ó má baà fi orí gbá ìkòkò òdòdó tó wà níbẹ̀, ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Inú báńkì dàrú. Akọ̀wé fò kúrò nídìí kàǹtà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Obìnrin tó jẹ́ ẹni kejọ lórí ìlà ṣe bí ẹni tó ń wo òkú, ó sì rọra sún dé ipò kẹfà. Àdúrà ẹ̀ṣọ́ kò tíì parí nígbà tí òkú la ojú kan.

"Ọmọ mi dà? Kí ló ń ṣe báyìí?"

"Bàbá, ọmọ yín ti sá lọ."

"Mo fura," ni Bàbá wí. Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, ó sì kọjú sí obìnrin tó gba àyè rẹ̀ lórí ìlà.

Ẹni tó sá lọ yìí gan-an ni yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé pé kó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé ni Bàbá ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, tí gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ méjì kan tí kì í bá a jíròrò. Bí ènìyàn bá ti ṣubú níwájú rẹ̀, kí ó tó ronú, wọ́n ti gbé e lọ. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ àgbà yọ̀ ṣubú nínú ilé ìdáná, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ìgbà tí wọ́n máa rí ọmọ náà, ó ti wà ní òpópónà kẹta, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnìkan ṣubú.

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, tí mò ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ," ni Ìyá Àgbà máa ń wí. "Ọmọ yẹn mọ eré é sá. Bí yunifásítì bá ń kọ́ni ní eré sísá, ẹ jẹ́ kó lọ síbẹ̀."

Ọjọ́ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ Ìyá Àgbà, tó ń bá a ṣàwàdà títí tí ẹni tó ń sunkún fi ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní irú iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ ṣe. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi iṣẹ́ náà hàn án, òun náà ló sì sọ fún un pé kò ní í lè ṣe é.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìgbàwọlé dé, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí yunifásítì pé kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíràn, ó sì fi lẹ́tà náà pa mọ́ sáàárín àwọn ìwé àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀. Kò rántí pé ibẹ̀ ni baba rẹ̀ àgbà ti ń mú ìwé tó ń kì sínú bàtà tuntun kó má baà wó. Bàbá ti fún lẹ́tà náà pọ̀, ó ti fi í sí iwájú bàtà olùkọ́ kan, kí ó tó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Ó yọ ọ́, ó kà á, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná nà án títí ó fi tẹ́jú, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un. Lọ́jọ́ kejì, ó kú fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ kànga.

Kí ẹ tó sọ pé orí rẹ̀ dàrú, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ṣúmékà kì í fún ẹnikẹ́ni ní bàtà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wọ̀ rìn fún odindi ọjọ́ kan. "Bí yóò bá fún ènìyàn lẹ́sẹ̀, èmi ni kó kọ́kọ́ fún." Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, èyí tó ga bí àkàbà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ káàkiri. Ìyàwó ilé kan pàdé rẹ̀ lọ́nà, Bàbá ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n nínú bàtà gìgísẹ̀ gíga aláwọ̀ pupa, ó sì ń kí àwọn àgbààgbà lọ́tùn-ún lósì.

"Bàbá, ó jọ pé bàtà mi nìyẹn."

"Òun ni. Ti òsì ń fún mi ní ọmọńdinrín. Ẹ padà wá lọ́la."

Bó ṣe ń yẹ bàtà wò náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ọmọ rẹ̀. Yunifásítì ti kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún sínú ìwé kan, Bàbá sì mú nọ́ńbà kìíní níbẹ̀: aago ọwọ́ tí a lè fi ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Ó mú Nọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta aago. Kàkà kó bi ọkùnrin náà ní iye tó ń tà á, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló gbá mú, ó tẹjú mọ́ aago, ó sì ń kà sínú.

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá," ló wí nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé. "Ọ̀gá, aago yìí dára, ẹ̀yin lẹ kò dára. Àyà yín ń já. Ẹ bù nínú owó rẹ̀ kí ara lè tù yín."

Aláago bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ta aago náà ní owó tí wọ́n jọ gbà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọjá sí ilé ìwòsàn láti lọ fi hàn pé irọ́ ni bàbá náà ń pa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò gbà kí Bàbá sanwó aago mọ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun mọ́.

Nọ́ńbà kejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì yóò máa gbé yàrá kan. Bàbá ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá tirẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ti Nọ́ọ̀sì, ó ní òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní láti ìlú òkèèrè. Ó fi ọṣẹ ọmọ náà fọ aṣọ. Ó sá ìbọ̀sẹ̀ tútù sórí iná tábìlì rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ń ka ìwé ìròyìn sókè. Ní ọjọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn. Bàbá mi orí, ó ní èyí kò mú nǹkan jáde, kó sọ ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì wo òun lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọ náà wò ó lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ rí ìbọ̀sẹ̀ yín lórí iná mi mọ́." Bàbá ká ẹní rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ní ọmọ náà ti lé òun jáde.

"Ó káre," ni Ìyá Àgbà wí, "ṣùgbọ́n ẹ wá ibòmíràn lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́fà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí oorun ṣe ń rí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ egungun. Nọ́ọ̀sì yá ìwé kan tó kún fún orúkọ egungun, kò sì rí ìkankan há sórí. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára awọ, ó bọ́ ẹ̀wù, ó kọ orúkọ wọn sára láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ló rántí pé ṣọ́ọ̀kì awọ kì í tètè kúrò, àti pé òun ní ìpàdé àwọn ṣúmékà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Alága béèrè ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìpàdé náà kò fẹnu ba ọ̀rọ̀ tó pè é, ṣùgbọ́n kò sí ṣúmékà kan ní ìlú yẹn lónìí tí kò mọ̀ pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni egungun ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó délé, ó gbé kànrìnkàn lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ní, "Èyí tí o bá pè ni kí o fọ̀. Èyí tí o kò bá mọ̀, màá gbé e sùn." Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ara rẹ̀ tó mọ́ tán.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń kú lọ ní tirẹ̀. Ó kú lórí àtẹ̀gùn, ó kú nídìí ẹ̀rọ ìránbàtà, ó kú nígbà tó ń jẹun, kó tó kú ó gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà kejì ni Nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé eré ni. Òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ báńkì ṣẹlẹ̀, owó tí yóò di àyè rẹ̀ mú ní yunifásítì ni wọ́n fẹ́ lọ san, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù bá a sá lọ, wọn kò sì san án. Ó kù ọjọ́ mọ́kànlá kí àyè náà bọ́. Ọmọ náà wá bá Bàbá nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ní kí àwọn fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ ìṣirò, Bàbá. Nọ́ńbà kì í ṣubú lulẹ̀."

Bàbá ń fi gọ́ọ̀mù kùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kò gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń sá, ìwọ kọ́. Bí ó bá jẹ́ ọkàn rẹ ni, ǹ bá ní kí o máa lọ. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́."

"Bàtà lẹ̀ ń tún ṣe, Bàbá. Ẹ kì í tún ẹsẹ̀ ṣe."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. "Gbọ́. Bí ènìyàn bá ṣubú, má bá ẹsẹ̀ rẹ jiyàn. Ṣáà kúnlẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó kúnlẹ̀ tó sáré."

Ìgbà kẹrìnlélógún bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àyè náà máa bọ́. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń to bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù kùn sí oòrùn, ó sì ṣubú sáàárín wọn. Nọ́ọ̀sì jáde síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìṣísẹ̀ méjì sí ọ̀nà géètì. Ó wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì gbì, ó sì fi wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a léjìká, ó pè é, ó wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí, ó na ìka sí Ìyá Àgbà pé kó pe ọkọ̀.

"Ṣé ọkọ̀ eré ni, àbí ọkọ̀ gidi?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Gidi," ni òkú náà dáhùn láti ilẹ̀. "Ìbàdí mi ti há. Mi ò lè dìde."

Òótọ́ ni. Ìṣubú mẹ́rìnlélógún ti ṣe ìbàdí ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin bí ó ṣe yẹ kó ṣe é. Ó fẹ́ fi tipátipá jókòó, Nọ́ọ̀sì kò gbà. Ó wò ó lójú, ó sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó má ṣe mira. Orúnkún rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé, ó sì ń bá a ṣàwàdà nípa gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọn nírun. Orí ibùsùn ni Bàbá wà ní ilé ìwòsàn tó ti ń béèrè aago tí báńkì ń ṣí. Nọ́ọ̀sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ báńkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì san owó náà.

Bí àhesọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún rẹ̀ kìíní ní yunifásítì, aláìsàn kan yọ̀ bọ́ láti orí ibùsùn níwájú gbogbo kíláàsì. Àwọn yòókù fọ́n ká. Nọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin náà padà tán, olùkọ́ béèrè ibi tó ti kọ́ irú ìfọkànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá mi àgbà máa ń kú nílé, mà," ló dáhùn.

Olùkọ́ fà á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó ní kó wá jókòó, kó mu omi.

Ọ̀rọ̀ náà tàn láti ibẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹni tó tún un sọ fi méjì kún un, Bàbá alára kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí ọmọ náà bá ti wá sílé fún ìsinmi, á jókòó tì í pẹ̀lú tìmùtìmù lẹ́yìn ìbàdí, á ní kó tún ti báńkì sọ fún òun, bí ẹni pé òun kọ́ ló wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá Ṣúmékà kú. Ọjọ́rú ni, ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀.