Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Ṣì Kà fún Ìyá Onígbá

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ìwé tí mi ò lè kà. Mo tètè sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà rò pé ìtàn ọmọ rere kan lẹ fẹ́ gbọ́. Kalikak là ń gbé nígbà náà, àdúgbò kan létí òkun ní ilẹ̀ àwọn elédè Faransé, nínú ilé onípákó kan tí omi òjò máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá mi ti Nàìjíríà wá, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé Faransé nínú ìdílé wa. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi á tún kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi mẹ́ta, mẹ́rin, nítorí kò fẹ́ kí n jẹ́ ọmọ elédè kan ṣoṣo.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Apá Kétu ló ti wá, ọkọ rẹ̀ tó ti kú sì jẹ́ ẹni tó ń fín igbá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó fa ilà wẹ́wẹ́ sára igbá, títí ẹyẹ, ẹja àti ènìyàn yóò fi hàn níbẹ̀. Fífín ni wọ́n ń pè é. Igbá mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà lára ògiri màmá yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Onígbá. Ó di ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ sínú aṣọ, ó fi pamọ́ de ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti lọ sí Èkó láti ọdún mẹ́ta, ó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, màmá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Ó ti ra àpótí tuntun. Lójoojúmọ́ ló ń ṣí i, tó ń to ẹrù inú rẹ̀, tó sì tún ń pa á dé.

Màmá kò mọ̀wé. Èmi ló máa ń ní kí n ka ara agolo àti ara ìgò fún òun, Ìyá Tíṣà ló sì ń pè mí. "Ìyá Tíṣà dà? Ẹ bá mi pe Ìyá Tíṣà wá o, kí ó wá sọ ohun tí àwọn Faransé wí!" Inú mi á dùn, màá rìn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti ààfin.

Aṣírí ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ìdajì ohun tí mò ń kà. Tí mo bá dé ibi tí mi ò mọ̀, màá wá ibi tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, màá sì méfò ìyókù. Ní ọjọ́ kan ó gbé agolo ìpara wá. Wọ́n kọ mode d'emploi sí i lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a ṣe ń lò ó rèé. Emploi tí èmi mọ̀ ni iṣẹ́ olówó oṣù tí àwọn bàbá àdúgbò ń wá kiri. Mo bá sọ fún màmá pé àwọn tó ń gba owó oṣù nìkan ni wọ́n ṣe ìpara náà fún. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi tí mi ò níṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Kí eegun máa ro mí lọ báyẹn?"

Ó fi ìpara náà ra orúnkún, ara sì tù ú. Mo wá rò pé kò sí ewu nínú ìméfò.

Òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ ojú omi dé láti Èkó wá béèrè ilé Ìyá Onígbá. Ó fi ẹrù kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, kò sì jókòó, nítorí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí ìlú Port-Gentil ń dúró dè é. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Aṣọ àdìrẹ kan ló wà nínú ẹrù náà, àti ìwé fífẹ̀ kan tí wọ́n ká roboto.

"Ìyá Tíṣà, wá wo nǹkan!"

Ó ti tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀ nígbà tí mo dé. Àwòrán dúdú lórí ìwé funfun ni. Ilé olókùúta kan wà lórí òkè, ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òkúta sàréè sì kún àárín méjèèjì, wọ́n dúró bí eyín. Obìnrin mẹ́ta tí aṣọ wọn ń wọ́ nílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà pẹ̀lú ọkùnrin arúgbó kan. Àti koríko àti ìkùukùu, ilà tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Màmá fi ìka tọ àwọn ilà náà díẹ̀díẹ̀. "Wò bí wọ́n ṣe fín in! Ọwọ́ bàbá ọmọ mi gan-an nìyí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn sọ́kàn. Èmi gbọ́ ọ, mi ò fi sọ́kàn.

Ìka rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àwòrán, ó dúró. Lóòótọ́ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ bí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe rí, nítorí ọmọ náà ti fín in sí ìdí igbá kan nígbà tó wà ní kékeré. "Orúkọ ọmọ mi rèé," ó wí. "Kí ni wọ́n wá kọ ṣáájú ẹ̀?"

Engraved by ni wọ́n kọ.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ náà rí. Mo wá ibi tí mo mọ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Bàbá mi ti kọ́ mi ní grave ní ọjọ́ Àjíǹde, sàréè ni. En tó wà níwájú rẹ̀, mo fi Faransé túmọ̀ ìyẹn: nínú. Èyí tó kù, mo fò ó. Àwọn òkúta sàréè sì wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo lè sọ nígbà náà pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màmá ń wò mí lẹ́nu, Ìyá Tíṣà kò sì tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, wọ́n ní ó wà nínú sàréè."

"Ta ni?"

Mo fi ìka lé orúkọ náà.

Kò ké. Ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ òkú sí, tí wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà lókèèrè. Ó ká àwòrán náà padà pẹ̀lú sùúrù, ó fi aṣọ àdìrẹ wé e, ó ta á ní kókó méjì. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó bá àwọn obìnrin àdúgbò lọ́dọ̀ Ìyá Onígbá tí wọ́n ń sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Ìyá Onígbá mirí. "Mo ti dì í. Ẹnì kankan kò ní tú u níṣojú mi. Ọjọ́ tí mo bá kú, kí ẹ sin ín mọ́ mi."

Bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o kà á dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o rí grave níbẹ̀?"

"Mo rí i, sà. G, r, a, v, e."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Lẹ́tà márààrún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ó ń dùn mí jù lọ títí di òní nìyẹn, nítorí bàbá mi fún mi láǹfààní kejì, mo sì fi òtítọ́ tí kò pé dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, màmá kò ṣí àpótí rẹ̀ mọ́. Ó gbé e fún aboyún kan ní òpópónà wa pé kí ó máa kó aṣọ ọmọ sí i. Ó yí ojú igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí, ó tú ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Máa fi gbẹ́ pẹ́ńsù, Ìyá Tíṣà. Ta ni mo tún ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

Mo gbà á. Mo tilẹ̀ dúpẹ́.

Mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ mi ló pa á. Ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀, àyà a máa dùn ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò fẹ́ jẹun mọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró nígbà tó kú. Ó kú nínú èrò pé òun ò ní ọmọ láyé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ bí ìyẹn ti tó.

Ní òwúrọ̀ ìsìnkú, àwọn obìnrin gbé ìdì náà wá kí wọ́n tó kan pósí, gẹ́gẹ́ bó ti wí. Bàbá mi ní òun fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó tú u. Ó kà á. Ó yí ìwé náà padà, àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó pè mí. "Kí ni màmá ń pe ohun tí ọkọ wọn máa ń ṣe sí igbá?"

"Ó máa ń fín in, sà."

"Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn. Ọmọ wọn ló fín in."

Mo ń dúró de ìgbátí. Kò gbá mi. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ pósí náà, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Màmá, ọmọ yín wà láyé o. Ó ń kí yín. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín in." Àwọn obìnrin bú sẹ́kún lákọ̀tun. Nígbà tí a dé itẹ́ òkú, tí ó kù kí ọmọ olóògbé da yèèpẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí, bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ wọn kò sí níbí. Ìwọ ni wàá bá a dà á." Mo bu yèèpẹ̀ náà. Ó tutù, òjò ti mu ún.

Bàbá mi kọ lẹ́tà sí Èkó. Ọmọ náà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àkókò gan-an tí màmá ìbá fi lọ bá a. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé màmá mi rí àwòrán náà? Kí ni wọ́n sọ?"

Èmi ni bàbá mi wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé màmá fi ìka tọ àwọn ilà náà, pé ó ní ọwọ́ bàbá ọmọ òun gan-an nìyí. Mo wá sọ ohun tí èmi kà. Ọkùnrin náà bo ojú rẹ̀.

Ó ní orí pákó ni òun ti fín àwòrán náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, fún ìwé kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà. Ìdílé kan ló wà níbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé Ọbabìnrin Fitóríà. Àlùfáà ni bàbá wọn. Òǹkọ̀wé ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń kọ ìwé, àwọn ìwé tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ọmọ tí àlùfáà náà bí ló kú ṣáájú rẹ̀, ó ku òun nìkan nínú ilé tó ń wo sàréè yẹn.

"Ọ̀gá mi ní kí n mú èyí tó bá wù mí nínú àwọn àwòrán náà," ó wí. "Mo mú èyí nítorí bàbá arúgbó yẹn. Bí màmá mi ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ṣe dúró. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ mi sí nìyẹn."

Mo sáré wọlé, mo gbé ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ wá fún un. Ó gbà á. Nígbà tó ń lọ, ó fi àwòrán náà sílẹ̀ fún mi. Kò bú mi. Ó ní, "Máa kà á."

Mo ń kà á. Ó wà lára ògiri mi ní àdúgbò Sotega níbí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́, mo sì ti fẹ̀yìntì. Àwọn tí mo kọ́ mọ̀ pé mi ò bínú sí ọmọ tó bá ní òun ò mọ̀ rí.

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi kan gbé fóònù síwájú àwòrán náà, fóònù sì yí ọ̀rọ̀ méjèèjì sí Faransé kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. "Mémé, ó rọrùn!" ó wí. Mo ní, "Ó rọrùn lóòótọ́. Kí ni à ń pè é ní Yorùbá?" Ó wo fóònù, ó wo mí. Kò gbọ́ fín rí láyé rẹ̀. Mo fi ìka rẹ̀ tọ àwọn ilà náà, bí màmá ti ṣe é, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kà mí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé tó bá gbé ìwé fún yín, ojú yín ló fi ń ríran, kò ní ojú mìíràn. Ẹ ka ibi tí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ò mọ̀, ẹ dúró, kí ẹ sì sọ pé, "Màmá, mi ò mọ èyí, ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹlòmíràn." Bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ń rán ṣòkòtò. Ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín wa.