Ọkọ̀ Yìnyín ní Ìsàlẹ̀ Mápó

Òórùn epo jẹnẹrétọ̀ àti dùǹdú gbígbóná ló máa ń kí wa káàbọ̀ sí yàrá géèmù tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ télọ̀ àdúgbò wa, ìjòyè láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í mu epo, tí eruku kì í bà lé, tí ọlọ́pàá kankan kò lè dá dúró, nítorí pé inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Nígbà tó fi eré ìje jẹ ọkọ̀ náà nínú géèmù, ó fi àwòrán rẹ̀ sójú fóònù, ó sì ra mínírà fún gbogbo wa, pé a ń fọ ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, kí n máa bá wọn fọ ọkọ̀ inú géèmù!

Ilẹ̀ gbalasa ni inú géèmù náà, ibi tó bá wù ọ́ lo lè wakọ̀ gbà. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń yí padà: ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí ewé ń wọ́, ìgbà yìnyín, ìgbà tí òdòdó ń tanná. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní eré ìje tirẹ̀ àti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pé lọ́rẹ. Bí ìgbà bá yí, ọkọ̀ yẹn lọ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ ìgbà yìnyín jẹ nínú wa. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí yìnyín bò ló ń dójú tì wá. Bí télọ̀ bá ti tẹ bíréèkì níbẹ̀, ọkọ̀ á yí bí òkòtó, ó di inú igbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìgbà máa yí, eré kan ṣoṣo ló kù kí máàkì mi pé.

"Ọ̀gá alákọ̀wé, yìnyín ò mọ sàtífíkéètì o!" télọ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa wò mí."

N kò rí yìnyín rí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹrẹ̀. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, lásìkò òjò. Ohùn wọn ṣì wà létí mi: "Gbẹ́sẹ̀ kúrò ní bíréèkì! Jíà ni kó dì í mú." Mo já jíà wálẹ̀, mo jẹ́ kí ọkọ̀ náà rọra máa sọ̀ bí ẹni ru ẹyin. Nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀, inú igbó ni gbogbo àwọn tó sáré kọjá mi wà.

"Ó ti jẹ ẹ́!" Télọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo.

Mo pe bàbá mi. "Bàbá, ẹ̀kọ́ Mápó ti sèso o. Mo jẹ ọkọ̀!" Kí n tó ráyè ṣàlàyé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, pé Ọlọ́run á máa ṣọ́ mi lójú pópó. Mo ṣe àmín.

Títí dòní, ẹ̀kọ́ wọn ni mo fi ń yangàn, kì í ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ra mínírà yíká lọ́jọ́ náà. Àwòrán ọkọ̀ yìnyín ṣì wà lójú fóònù mi.