Búrẹ́dì Tí Bàbá Mi Gbé Jáde

Àwọn ará Ọ̀jọ́ mọ iyàn-án jà o! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, bí ọkọ̀ ojú omi bá ti já àwọn òṣìṣẹ́ Àpápá sílẹ̀ létí ọ̀sà nírọ̀lẹ́, iyàn ni wọ́n máa ń jà wọ ìlú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló gbòde.

Ilé ìkẹ́rùsí òyìnbó kan ni bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń ru ẹrù. Tẹ́lẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán máa ń wà mọ́ owó iṣẹ́ wọn. Àfi bí òyìnbó ṣe yọ ọ́ kúrò, tó gba kúùkù kan tí ń fi sàdíìnì sáàárín búrẹ́dì, tí ń yan án lórí iná èédú títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹyọ kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀tàn ni!" Bàbá Kékeré a pariwo. "Ta ló ń jẹ búrẹ́dì ru ẹrù? Kí wọ́n dá owó wa padà, ká lọ ra ẹ̀bà wa!"

Bàbá mi a rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o máa ń lá ìka lẹ́yìn rẹ̀? Owó oúnjẹ kì í dé ikùn rẹ, tẹ́tẹ́ ni o fi ń ta. Búrẹ́dì yìí ń dé ikùn."

Ọkàn bàbá mi balẹ̀, torí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ fi ra páànù sórí ilé tó ń kọ́ lẹ́yìn ilé ẹbí. Ògiri ti dúró. Ìyá mi ti mú yàrá tó fẹ́.

Oṣù àwẹ̀ wá wọlé. Ọ̀sán ni wọ́n ń pín búrẹ́dì, bàbá mi sì ń gbààwẹ̀. Inú ọkọ̀ ni oòrùn ti máa ń wọ̀ bá wọn, ló bá ní òun á fi tòun ṣínu. Ó dì í sínú àpò. Màígádì tú àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì. Akọ̀wé òyìnbó náà sọ pé ibi iṣẹ́ ni kí wọ́n ti jẹ oúnjẹ náà, ẹni tó bá gbé e jáde, olè ni. Wọ́n lé e. Ẹni tí wọ́n bá sì lé torí olè kì í gba owó ìfẹ̀yìntì.

Olè! Bàbá tèmi! Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Gbogbo Ọ̀jọ́ wá fi jiyàn, lójú rẹ̀, lórí ẹní tí ìyá mi tẹ́ fún wọn. "Ṣebí búrẹ́dì yẹn ni wọ́n fi rọ́pò owó rẹ̀? Èèyàn ń jí owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ni?" Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló dé tí kò fún onígbàgbọ́ kan jẹ?" Ọkùnrin kan tó wá láti Ìbà tiẹ̀ ń mi orí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ ò rí àfojúdi! Ní ti bàbá mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Òjò ọdún náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi bo orí ògiri ò gbà á dúró. Yàrá ìyá mi ló kọ́kọ́ wó. Bàbá mi sunkún lọ́jọ́ náà, ìyá mi ló ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Nígbà tí àwẹ̀ ọdún kejì kù dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kékeré sáré gòkè láti etí ọ̀sà. "Ẹ̀gbọ́n, a ti borí! Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ yín, ó sì ti gbà. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ lè gbé búrẹ́dì rẹ̀ lọlé báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi í."

Bàbá mi ti dìde, ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà. "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí n padà wá?"

Bàbá Kékeré wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sọ ìyẹn."

Bàbá mi dúró síbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín."