Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn Láàárín Ọ̀rọ̀

Bí iná bá kú nílé ẹnikẹ́ni ládùúgbò yẹn, Bàbá Fíúùsì ni wọ́n ń sáré lọ pè. Ó ti fa wáyà sínú ilé onílé títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó mọ ilé tí wáyà ibẹ̀ ti jẹrà, ó sì mọ ilé tí onílé ń jí iná fà lórí òpó. Ara rẹ̀ kì í gbà á kí nǹkan bàjẹ́ lójú rẹ̀ kó má tún un ṣe. Bó bá lọ kí aláìsàn, tó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń mì lára ògiri, á gbàgbé aláìsàn, á ti yọ tẹ́sítà lápò. Àwọn tó sọ ọ́ ní Fíúùsì kò sì torí iṣẹ́ nìkan sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í pẹ́ kí inú bàbá náà tó gbiná, kó jó bíi fíúùsì.

Òfin kan wà tó fi kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ tó gba ọwọ́ rẹ̀ jáde: ohun tí iná bá wà nínú rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹnu kọ́ àwọn kan. Ó fi ìgbátí kọ́ àwọn mìíràn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un, jẹ nínú méjèèjì, ó sì tún ń jẹ èébú nídìí àkàbà lójú àwọn oníbàárà: "Ọwọ́ ẹ dà? Ṣé ọwọ́ nìyí àbí ẹsẹ̀?" Ọmọ náà gbọ́ ọ títí ó fi dàgbà. Nígbà tó tó ọkùnrin, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba òkèèrè lọ, ó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun níbẹ̀.

Kó tó lọ, ó ra làpútọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní Línúùsì, ló kó sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò bó bá wù ú, tí ẹnì kan kò sì gbowó lórí rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, láàárín àwọn ìdì wáyà àti páálí gílóòbù tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kó dànù. Ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lòun á máa pè.

Ó sì ń pè lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní àrùn kan. Bí wọ́n bá ti kíra tán, tí wọ́n béèrè àlàáfíà, tí ọmọ ti mú ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, tí bàbá wá ń tún ọ̀fun ṣe láti mú ọ̀rọ̀ gidi jáde, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Ó ti sùn nìyẹn. Kí wọ́n tó jí i, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ọmọ á ti lọ. Ohun tó máa ń kù ni àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù ìyá: "Ẹ̀rọ yín tún ti sùn o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ gbà mí! Bàbá Fíúùsì, tí gbogbo àdúgbò ń sá bá, ohun tó ń lo iná wá bàjẹ́ sí pálọ̀ rẹ̀, kò rí i tún ṣe. Ó gbé mítà tó fi ń wọn iná ti ṣájà, iná tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fa wáyà tuntun láti ìdí àpótí fíúùsì ara ògiri wá sídìí tábìlì, wáyà tó nípọn tó èyí tó lè gbé fìríìjì. Ẹ̀rọ sùn bó ṣe ń sùn.

Ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ìyẹn ṣí i, ó wò ó, ó yọ ṣùtì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n nu eléyìí kúrò, kí n kó èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i fún yín."

"Ọmọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ kó o síbẹ̀," ni Bàbá Fíúùsì wí, ó sì gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣebí ọmọ ń pè wá."

"Ohun tó bàjẹ́ ni n óò fi sílẹ̀? Èmi?"

"Ìyẹn náà ni mo rò," ni obìnrin náà sọ, ó sì yí aṣọ padà.

Ibì kan wà lórí ayélujára tí àwọn tó ń lo ètò ọ̀fẹ́ yìí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bàbá Fíúùsì rí i lórí fóònù, ó sì fi ìka kan kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹnì kan dá a lóhùn. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò mọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwòrán ológbò ni ẹni náà fi ṣe ojú, nítorí náà Ológbò ni Bàbá ń pè é. Ológbò ní kó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un, kó tẹ báyìí, kó da ohun tí ẹ̀rọ bá sọ kọ fún òun. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, á ṣì í tẹ̀, Ológbò á ní kò burú, kó tún un tẹ̀. Ẹni tí kò bá a tan, tí kò jẹ ẹ́ lówó, kò fi ìgbà kan kanra mọ́ ọn. Nígbà tó yá, Bàbá ń kọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn: pé orúnkún ń dun òun, pé òun kò lè gun àkàbà mọ́, pé ilé ti dákẹ́ jù. Ohun tó ń kó jọ de ọjọ́ Àìkú ló ń tú sílẹ̀ fún Ológbò, Ológbò sì ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Nígbẹ̀yìn, Ológbò rí ìdí rẹ̀. Ó kọ̀wé pé ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ pé bí ọwọ́ kò bá kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sùn, ì báà jẹ́ pé ṣájà wà lára rẹ̀, ì báà jẹ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní bí ètò náà ṣe ń wá kọ́ nìyẹn, ẹnì kan ló fọwọ́ kọ ọ́ sí i, bóyá kí bátìrì lè pẹ́.

Inú Bàbá Fíúùsì dùn débi pé ó dìde láìrántí orúnkún.

"Ìyá, wá gbọ́! Ọmọ yẹn ló pàṣẹ fún un! Bátìrì ló ń bá mi ṣọ́! Ṣé o rí i pé gbogbo ohun tí mo fi kọ́ ọmọ náà kò wọ igbó?"

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó tú èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó tún un ká.

Ológbò fi ibi tí àṣẹ náà wà hàn án, ó ní kó fi àmì kan síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní kà á sí mọ́. Bàbá fi àmì síwájú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tan án, ó jókòó tì í, ó káwọ́ sórí itan, ó ń wò ó. Ẹ̀rọ ń wo òun náà. Títí ìyàwó rẹ̀ fi wá pè é jẹun, kò sùn.

Ọjọ́ Àìkú dé, ọmọ pè. Bàbá kò sọ fún un, ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Wọ́n kíra, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ẹni kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń sùn sínú ìpàdé, tó sì ń hanrun, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójú kan náà, ọmọ bojú wo igun ojú ẹ̀rọ tirẹ̀, níbi tí aago wà.

"Ó ti fẹ́ máa sùn nìyẹn o. Bàbá, ẹ tọ́jú ara yín. Mọ́mì, ẹ..."

"Kò ní sùn mọ́!" Bàbá Fíúùsì pàtẹ́wọ́. "Mo ti tún un ṣe! Títí ilẹ̀ á fi mọ́, a lè sọ̀rọ̀!"

Ọmọ sún sẹ́yìn lórí àga. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì di ojú ọmọ tó wà nídìí àkàbà.

"Ta ló bá yín tún un ṣe, Bàbá?"

"Èmi ni! Àbí o rò pé mo ti gọ̀? Ó dáa, gbọ́ mi." Bàbá wá tú ẹrù rẹ̀. Ìgbà wo ló máa fẹ́yàwó? Irú iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe? Ṣé wọ́n tilẹ̀ kà á sí èèyàn níbẹ̀? Kí ló dé tó rù báyìí? Àní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré, kì í di nǹkan mú le, wáyà tí òun fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ṣé kò jù ú sílẹ̀ ni? Lóòótọ́, ìfẹ́ ló ń bẹ nídìí gbogbo rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bà níbi tó ń dun ni, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

"Bàbá, mo fẹ́ máa lọ."

"Síbo? Ṣebí ọjọ́ Àìkú nìyí?"

"Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lagbára mi gbé. Ẹ má bínú."

Ọmọ sì pa ìpè náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ Bàbá Fíúùsì kò sùn. Ó ń tàn síbẹ̀, ojú Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì, ọmọ kò pè. Bàbá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò pè. Bàbá ní iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tí oṣù fẹ́ parí, ó gbé mítà jáde, ó ń wá ibi tí yóò fi kàn. Ìyàwó rẹ̀ gba mítà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé béèyàn bá ń fọwọ́ kan nǹkan yẹn, kì í sùn. Ọjọ́ kan tí ẹ ò sí nílé ni mò ń nu eruku ara ẹ̀ bí èmi àti ọmọ yín ṣe ń sọ̀rọ̀, ni kò bá sùn. Mo sọ fún un. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.' Ó ní bóun bá mọ̀ pé ó máa parí, òun lè pè. Bóun ò bá mọ ìgbà tó máa parí, ọkàn òun á máa já."

"Torí kí lo ò ṣe sọ fún mi?"

"Kí n sọ, kẹ́ ẹ tún un ṣe?" Ó ti mítà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ yín mọ̀ yín. Ó mọ̀ pé ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án láyé, á sì sùn. Òfin yín ló fi bo ara ẹ̀. Èmi ni mo bí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń rí jẹ nínú ẹ̀, ẹ sì ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Bàbá Fíúùsì kò gbàgbé òwe yìí o. Ohun tó ṣe é ni pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dilẹ̀, púláyà, irin tó fi ń gé wáyà, ló fi ń dì mú. Ó jókòó síbẹ̀, ojú tì í, inú ń bí i, kò sì rí ẹni tí yóò bínú sí.

Nígbà tó yá, ó ṣí fèrèsé dúdú, ó wá ibi tí àṣẹ wà, ó yọ àmì tó fi síwájú rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ pé òun ti dá àṣẹ náà padà. Ológbò rí i, ó béèrè pé, "Kí ló dé? Àṣìṣe nìyẹn, a ti tún un ṣe." Bàbá kọ̀wé sí i pé, "Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fẹ́ ẹ nílé wa." Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Sọ fún un pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ padà. Sọ pé... sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ pè. Ara rẹ̀ yá gágá.

"Ẹ̀rọ yẹn tún ti gbé ìṣe ẹ̀ dé, àbí?"

"Ẹ̀rọ burúkú ni," ni Bàbá Fíúùsì wí.

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tó ń hanrun nínú ìpàdé. Bàbá kò béèrè nǹkan kan, ó ń gbọ́ ni. Bóyá èyí ló mú kí ọmọ wò ó tààrà, lọ́nà tí kò gbà wò ó láti ọjọ́ tó ti lọ.

"Bàbá, ó ní ohun kan tí mo ti ń fẹ́ sọ fún yín. Ó ti pẹ́. Nípa ìgbà tí..."

Bàbá Fíúùsì wo aago ògiri. Ó mọ̀ pé bóun bá fi ìka kan kan ẹ̀rọ yìí, òun á gbọ́ ọ dópin. Ó sì mọ̀ pé ọmọ náà ń wo igun ojú ẹ̀rọ tirẹ̀, pé bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, á mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun, kò sì ní pè mọ́. Ó na ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

"Kí ló fẹ́ sọ?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ọmọ pè, ó sọ̀rọ̀ òjò. Bàbá dúró títí, ó wá rọra bi í pé kí lohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò rántí mọ́, Bàbá," ni ọmọ wí. "Ẹ jọ̀wọ́, mo ti gbàgbé."